Orúkọ Márùn-ún Inú Díísìkì

Títí di òní, àwọn ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà pé ìyá mi, Ojúọlápé, ló tú àṣírí àwọn èèyàn náà. Wọn kì í sọ ọ́ lójú mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé mi ò ní gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rò pé mo ti sùn, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹnu Ojúọlápé ni, ẹnu ẹ̀ náà ni." Irọ́ ni. Èmi Abísọ́lá àti Ìbíkúnlé ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjèèjì tá a kàwé, tá a rò pé a gbọ́n ju ìyá wa lọ, àwa la ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí sílẹ̀ nígbà tí iyè mi ṣì pé.

Nasarawa Gwong la ń gbé ní Jos. Bàbá wa, Ọ̀pádọ̀tun, tó jẹ́ akọ̀wé réluwé, ti kú lọ́dún 1971. Màmá ní ìsọ̀ kan lọ́jà níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìbíkúnlé ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń wa kùsà ní apá Rayfield, òun ló sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́dún 1983 tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ti fojú rí kọ̀ǹpútà ní Jos ò pọ̀ rárá. Yàrá kan gédégbé ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀, ní Jos tí òtútù ti ń pa gbogbo wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Màmá gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Haba! Ẹ̀rọ lásánlàsàn ń jẹ̀gbádùn ju èmi tí mo bí ọ lọ?"

Lóṣù kẹjọ ọdún náà, lásìkò òjò, ògiri kòtò kùsà kan wó lu àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Iléeṣẹ́ ní èèyàn mẹ́rin ló kú. Wọ́n kà á lórí rédíò, wọ́n kí ìdílé wọn kú ìrọ́jú, ó parí. Ṣùgbọ́n Ìbíkúnlé ló ń tẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá rẹ̀ gbé ìwé pélébé kan wá fún un pé kó pa orúkọ mọ́kànlá rẹ́. Ó bi í léèrè ibi táwọn méje tó kù lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́n ti padà sí abúlé wọn. Méje lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe alágídí, ṣùgbọ́n bí nǹkan ò bá pé lójú rẹ̀, kì í lè jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó yè bọ́. Márùn-ún nínú wọn gbà láti sọ̀rọ̀, bí a bá lè ṣèlérí pé orúkọ wọn ò ní jáde kó tó tó àsìkò. Ilé wa ni wọ́n ń wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án, tí mo bá ti iléèwé dé tí Màmá ṣì wà lọ́jà. Bàbá ọmọ tó wá bá tíṣà sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni máa yà wò. Èdè Hausa ni wọ́n ń sọ, èmi sì ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí Hausa mi já gaara ju ti Ìbíkúnlé lọ. Bí mo bá kọ ọ́ tán, á mú un lọ síbi iṣẹ́, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà nígbà táwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, á wá jó ìwé náà níná. Kò fi orúkọ tèmi sí ibì kankan. Mo bi í kí ló dé, ó ní akọ̀wé ni mí, mi ò sí nínú kòtò.

Ó kọ ètò kan sínú ẹ̀rọ náà, tó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà kó tó pa á mọ́ sórí díísìkì, àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onígun mẹ́rin tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó mú mi lọ wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ó tẹ orúkọ Moses, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún. Ohun tó jáde kò lórí, kò nídìí. Lẹ́tà ni, ṣùgbọ́n kò sí èdè ayé tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó fún ẹ̀rọ náà ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tó gùn gbọọrọ tó tẹ̀, orúkọ Moses sì padà jáde kedere. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa etí tábìlì.

"Ta ló wá lè kà á?" ni mo bi í.

"Ẹni tó bá mọ kọ́kọ́rọ́ nìkan. Wọ́n lè gba díísìkì, wọ́n lè gbé kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n lè kó ọ̀mọ̀wé jọ. Bí wọn ò bá ní kọ́kọ́rọ́, òfo ni. Ohun téèyàn bá sọ fún mi nìkọ̀kọ̀, kò sí ṣọ́jà tó lè fipá gbà á."

"Kí lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́?"

"Bó bá kúrú, ẹni tó bá ní sùúrù á wá a títí á fi rí i. Kò gbọdọ̀ sí nínú Bíbélì tàbí nínú ìwé orin, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí Màmá fi ń jí mi ni."

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Inú ọkọ̀ ojúurin ni Màmá bí Ìbíkúnlé sí, nígbà tí òun àti Bàbá ń bọ̀ láti ilé sí Jos, bí ọkọ̀ ṣe kù díẹ̀ kó wọ Kafanchan. Oríkì tó fi ń kì í kì í ṣe ti ìdílé tí àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Màmá ló hun ún fúnra rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé kankan. Láti kékeré ló ti ń kì í bẹ́ẹ̀ láràárọ̀:

Àlàó ọkọ mi, ọmọ inú ọkọ̀ ojúurin,
A-wọ-Jos-láìgba-tíkẹ́ẹ̀tì,
Ọmọ tó ké ní Kafanchan tí gáàdì fi fèrè sílẹ̀,
A-rí-òtútù-má-gbọ̀n,
Ọmọ Ọ̀pádọ̀tun tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lábọ̀.

Tèmi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Èmi kàn wá sáyé nílé ìwòsàn ni.

"Ṣé ká sọ fún Màmá?" ni mo bi í.

"Orí ẹ pé ṣá? Bí Màmá bá gbọ́ lónìí, gbogbo ìsọ̀ òwú á ti gbọ́ lọ́la."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa, torí pé ó dà bí òótọ́ létí mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn ti gbà pé àwọn máa gbé ìtàn náà jáde. Ká tó mọ̀, àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n gbé òfin kan jáde pé ẹni tó bá kọ ohun tó máa dójú ti ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀gágun kan sì ní ìpín nínú iléeṣẹ́ kùsà yẹn, gbogbo èèyàn Rayfield ló mọ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ránṣẹ́ pé ká má bínú. Ìbíkúnlé ní kò burú, ọ̀rọ̀ náà ò ní bàjẹ́ níbi tó wà, ìjọba á lọ, ọ̀rọ̀ á jáde. Ó fi àwọn díísìkì náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, àárín àwọn mìíràn.

Lóṣù kẹfà ọdún 1984, wọ́n wá mú un ní ọ́fíìsì. Ẹnì kan níbẹ̀ ti sọ fún wọn pé ó máa ń dá wà nídìí ẹ̀rọ lásìkò oúnjẹ. Àwọn agbófinró tí kì í wọṣọ ni, wọ́n kó gbogbo díísìkì, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ò fojú kàn án. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ síbi tí wọ́n tì í mọ́, wọ́n á gba oúnjẹ, wọ́n á lé mi. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀ sí mi létí lọ́jọ́ kan pé, "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé wọn ò tíì rí i ṣí." Mo sunkún ayọ̀ lójú títì.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Moses wá bá mi. Ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹ orí ba lẹ́nu ọ̀nà wa. Mallama, ìyẹn tíṣà, ló máa ń pè mí. Kò jókòó.

"Mallama, orúkọ wa ńkọ́? Ó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn?"

"Ó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè kà á láìní kọ́kọ́rọ́."

"Ta ló mọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀?"

"Ìbíkúnlé àtèmi nìkan."

Ó ní òun ń rò ó láti lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Pankshin, kí òun fara pa mọ́ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má lọ. Mo ní bó bá sá, ṣe ló máa fi ara rẹ̀ hàn. Mo ní ohun tí Ìbíkúnlé tì pa, kò sí ẹni tó lè ṣí i. Ó dúpẹ́ lédè Hausa, "To. Nagode," ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi dá a lójú bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan lóṣù keje, ọkọ̀ Peugeot méjì dúró níwájú ilé wa. Wọ́n wá yẹ ilé wò, wọ́n sì mú Ìbíkúnlé dání. Ó ti rù. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ òsì lé díẹ̀díẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ẹni tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Oyèdélé, ọmọ Ọ̀yọ́, ọkùnrin tó mọ ìwà hù tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú pé àwọn máa tú ẹrù. Wọ́n ń wá ìwé tí wọ́n rò pé ó kọ kọ́kọ́rọ́ sí. Wọ́n tú Bíbélì, wọ́n tú ìwé orin Bàbá, wọ́n tú àwọn lẹ́tà àtijọ́. Wọn ò rí nǹkan kan, mo sì ń yọ̀ nínú mi.

Bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ ni Màmá ti ọjà dé. Wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó wọlé pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́, ó rí ọmọ rẹ̀, ó sì ju agbòòrùn náà nù. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Àlàó," ni ó wí. "Àlàó ọkọ mi, ọmọ inú ọkọ̀ ojúurin..."

"Màmá, ẹ dákẹ́!" Ìbíkúnlé ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ rí. Màmá wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo rí Oyèdélé tó yíjú. Ó wo Ìbíkúnlé, ó wo Màmá, ó tún wo Ìbíkúnlé. Ọkùnrin tí wọ́n ti lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò pariwo, oríkì ìyá rẹ̀ ló wá pariwo lé lórí. Bó bá jẹ́ Hausa ni ọ̀gá wọn, tàbí ẹni tó ti Benue wá, ì bá rò pé ìrora ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ pé kò sí ọmọ tó ń sá fún oríkì láìnídìí.

Oyèdélé dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú táì pupa tó so mọ́ ọrùn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn, ìyà ló jẹ ẹ́. Ẹ kì í dáadáa, ara ẹ̀ á balẹ̀. Ó ti pẹ́ témi náà ti gbọ́ irú ẹ̀, ìyá tèmi ti kú."

Èmi dúró lẹ́bàá ògiri. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èmi àti Ìbíkúnlé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo lè wó lulẹ̀ kí n ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo lè bú ìyá mi kó bínú jáde. Mo ro gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, Oyèdélé á mọ̀ dájú. Ó ti mọ̀ dájú tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má mú èmi náà.

Ìbíkúnlé tún ké pe Màmá, ọ̀kan nínú wọn sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Màmá rò pé wọ́n fẹ́ fún un lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun á rọ̀ ọ́ fúnra òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kì í díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó wú náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Oyèdélé ti dìde, ó ti mú ìwé kékeré kan jáde lápò. Nígbà tí Màmá dé ibi gáàdì, ó bi í léèrè tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Ẹ ní gáàdì ṣe kí ni, Màmá?" Ìyá mi tún un sọ fún un. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan fẹ́ mọ̀.

Wọ́n mú Ìbíkúnlé lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dán oríkì náà wò lórí àwọn díísìkì, ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n lọ kó àwọn márààrún níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ nílé ìwé, lẹ́nu ọmọ ọ̀kan nínú wọn.

Mo sọ fún Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò lè gbé e mọ́. Mo ṣàlàyé díísìkì, mo ṣàlàyé kọ́kọ́rọ́, mo ní oríkì Àlàó ni kọ́kọ́rọ́ náà. Mo rò pé kò ní yé e. Ó yé e kíá. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ rò pé màá lọ rò ó lọ́jà?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"Abísọ́lá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ lọ́dún 1966?"

"Mo ti pé mẹ́tàlá."

"O rántí Rosaline tó ń ránṣọ nítòsí ìsọ̀ mi? Ará Owerri?"

Mo rántí rẹ̀. Gbogbo wa rò pé wọ́n ti pa á nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Igbo.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi wà nínú yàrá tá à ń kó ẹrù òwú sí. Ilé yìí náà ni. Ìwọ àti Ìbíkúnlé ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Mi ò sọ fún bàbá yín títí Rosaline fi wọ ọkọ̀, torí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wá síbí. Èmi ni mò ń gbé pó ìgbẹ́ ẹ̀ dànù láàárọ̀, màá ní inú ló ń yọ mí lẹ́nu." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Tí ẹ bá sọ fún mi pé Àlàó ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi, ṣé ẹ rò pé á jáde? Wallahi, kódà kí wọ́n yọ eyín mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ Ìbíkúnlé, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, kò tó ìyá wa pa nǹkan mọ́. A ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé, a fi ṣe ẹ̀rín.

Wọ́n tú mẹ́rin nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé pé irọ́ ni àwọn pa. Moses kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní ibà ló pa á. Ìbíkúnlé ṣì wà látìmọ́lé nígbà yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jáde, ó kó lọ sí Ìlọrin, ó ń tún rédíò ṣe, kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú Moses, Màmá ní òun ń lọ bá opó rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀, kí la fẹ́ lọ sọ? Ó ń wé gèlè rẹ̀ lọ.

"Wọ́n gba ohun tó yẹ ká pa mọ́," ló wí. "Èyí tí ò yẹ ká pa mọ́ lo wá fẹ́ kí n pa mọ́?"

Mo tẹ̀ lé e. Monica ni orúkọ obìnrin náà. Yàrá kan ló ń gbé nínú ọgbà kan tí ìdílé mẹ́fà ń lò, kò jìnnà sí wa. Hausa la sọ. Màmá ò jẹ́ kó gbé àga wá. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta: pé ẹnu òun ni orúkọ ọkọ rẹ̀ gbà dé ọwọ́ wọn, pé òun ò mọ̀, pé òun ò wá tọrọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Mo ní Moses máa ń wá sílé wa, pé ó fẹ́ sá lọ sí Pankshin, èmi ni mo dá a dúró.

Monica ò sunkún. Ojú mi ni ó ń wò, kì í ṣe ojú Màmá.

"Kí ni ó wá ń sọ fún ẹ?"

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tó ń wá sílé ẹ. Kí ni ó sọ?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kò mọ nǹkan kan. Moses ò sọ fún un, kó má bàa kó o sí wàhálà. Bí àwa náà ṣe ṣe fún Màmá nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, torí mi ò gbàgbé. Moses ní àwọn máa ń bọ́ sálúbàtà sílẹ̀ lókè kòtò kí àwọn tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ògiri wó, wọ́n ti wú òkú mẹ́rin, ọ̀gá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, ó ní kí katakata wá da iyẹ̀pẹ̀ bo ibẹ̀. Moses lọ síbi tí sálúbàtà wà. Àwọn tó yè ti wọ tiwọn lọ. Mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, ní méjì méjì. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi wáyà so lókè jẹ́ ti Julius. Èyí tó kéré jẹ́ ti ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó dárúkọ gbogbo wọn fún mi.

Monica jókòó sílẹ̀. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí kò fi sùn dáadáa," ló wí. "Ó máa ń lọ sílé ẹ, kì í sọ ibi tó ń lọ. Mo rò pé obìnrin ló ní níta. Mo bá a jà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un. Mo sọ fún un pé kó má padà wálé."

Màmá na ọwọ́ sí i. Kò gbà á, kò sì tì í kúrò. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan jáde pẹ̀lú bírò, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Kọ ọ́."

"Monica, wọ́n lè padà wá."

"Wá mú ta ni?"

Mo kọ ọ́. Hausa ni mo fi kọ ọ́, bí Moses ṣe sọ ọ́ gan-an, láìyí lẹ́tà kan padà. Mo fi orúkọ Moses sókè, mo fi orúkọ tèmi sísàlẹ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ya ewé kan, mo tún òmíràn bẹ̀rẹ̀. Monica ò mọ̀wé kà. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Gbé ohùn sókè," ló wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn ará ọgbà náà ti ń wò wá láti ibi tí wọ́n ti ń dáná àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ìdílé mẹ́fà ni wọ́n, mi ò sì mọ ẹni tó lè lọ sọ fún ta ni. Mo gbé ohùn sókè, mo sì kà á títí dé orúkọ kọkànlá.